Ìjà Iṣẹ́ àti Ìjà Ilé

Ọjọ́ tí mo parọ́ fún ọkọ mi pé mò ń lọ kọ́ táìpù, ìyá rẹ̀ ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òun náà ti pa irọ́ tirẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ó ní òun ń lọ wo ọ̀rẹ́ òun kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Èmi fúnra mi ni mo bá a wá bàtà, tí mo tún ní kó bá mi kí ẹlẹ́sẹ̀ dídùn náà pé kí ara ó le. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo wọ àgọ́, mo sì rí i tó jókòó ṣinṣin nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí òde pàtàkì, àpò rẹ̀ lórí itan.

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Lókè orí rẹ̀ ni ìkéde tó gbé àwa méjèèjì débẹ̀ wà: wọ́n ń wá obìnrin kan tí ojú rẹ̀ mú, tó sì mọ ẹnu pa mọ́, fún iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Láyé ìgbà náà, obìnrin tó bá wọ àgọ́ ọlọ́pàá, bí kò bá wá fẹjọ́ sùn, a jẹ́ pé ó wá gbálẹ̀. Pé kí obìnrin máa dọdẹ olè, àwàdà ni lójú gbogbo ayé. Nítorí àwàdà yìí ni n kò ṣe sọ fún ọkọ mi. Ó ní láti jẹ́ pé nítorí rẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ kò ṣe sọ fún èmi.

Ọ̀gá àgọ́ náà, ọkùnrin sísanra kan tí irunmú rẹ̀ bo ètè mọ́lẹ̀, pè wá wọlé pọ̀. Ó wo èmi, ó wo Màmá.

"Ṣé ẹ mọ ara yín ni?"

Màmá ló dáhùn. "Rárá o, Ọ̀gá. Orí bẹ́ǹṣì yẹn la ti pàdé. Ó jọ ọmọlúàbí ṣá."

Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò gbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn ni obìnrin yìí ti ń wàásù òtítọ́ sí mi létí. N kò mọ̀ pé irọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ọ̀gá wí. Ó nawọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi gíláàsì bò lára ògiri, ó sì kà á sókè: bàbá àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọkọ àti aya, wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ẹ̀ka náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa. "Ẹ gbọ́ mi. Àyè ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn àgbààgbà wa fọwọ́ sí, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i. Màá dán ẹ̀yin méjèèjì wò títí oṣù á fi parí. Ẹni tí iṣẹ́ bá yẹ ni màá mú. Ẹnì kejì á máa lọ sílé."

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Láti kékeré ni ojú mi kì í ti í gbé ojú kan. Bí àlejò bá jókòó sí pálọ̀ wa, kó tó mumi tán, mo ti mọ ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ tó jẹ jù, mo ti mọ̀ bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ jà kí wọ́n tó jáde nílé. Kódà bí a bá ń gbàdúrà, n kì í pa ojú dé. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń rí ẹni tó ń tòògbé àti ẹni tó ń yọ ẹran nínú abọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà tó pẹ́ jù láàrin èmi àti Màmá. Alajúṣàmín ló sọ mí, bí ó bá sì pè é, èébú ni. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa máa ń pa ojú dé fún Ọlọ́run.

Fún ọjọ́ mélòó kan, a kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà nílé. Èmi á gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, òun á gba ẹ̀yìn. Nígbà tó ṣe, à ń fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá ní, láìwo ojú mi, "Ìyàwó, ẹlẹ́sẹ̀ dídùn yẹn ní kí n kí ọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Táìpù náà ń kí yín."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà kọjá sísọ. Abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ó fọ́, òun tó jẹ́ pé bí èmi bá fọ́ abọ́, ilé ò ní gbà wá. Ọkọ mi, tó ń tú aago oníbàárà rẹ̀ kan ní pálọ̀, béèrè pé kí ló dé. A ní kò sí nǹkan kan.

Olè tí wọ́n ní ká wá, Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́. Ṣéènì góòlù ọrùn obìnrin ló ń bọ́, ẹni tó ni ọrùn kì í sì í mọ̀. Gbogbo àwọn tó ti ṣe ní jàǹbá ló máa ń rìn ní òpópónà tó wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀kan á ní bóyá inú ọkọ̀ ojú irin ni, ọ̀kan á ní bóyá ibi tí òun ti ń ra òwú ni, òmíràn á kàn máa wo ilẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọkùnrin mẹ́fà ló wà ní ẹ̀ka náà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ra irú fìlà kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, wọ́n sì ń gbé ìwé ìròyìn tí wọn kì í ṣí ojú ewé rẹ̀ dání. Àwọn tó ń ta èso níbẹ̀ máa ń kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọlọ́pàá." Màmá wò wọ́n títí, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Àwa méjèèjì sì ni a wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà.

Ọ̀ràn tiwa tún yàtọ̀. Ọkùnrin lè dúró ti òpó láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan. Obìnrin tó bá dúró sójú kan, wọn ò ní jẹ́ kó sinmi. Ta lẹ ń dúró dè? Ṣé ẹ ṣìnà ni? Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, oníṣọ́ọ̀bù gbé àga jáde fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Màmá dúró létí títì, ọ̀dọ́mọkùnrin rere kan dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un sọdá. Nígbà tó padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin rere mìíràn tún mú un sọdá.

Orí ló kó wa yọ, lọ́jọ́ tí Màmá gbàgbé agboòrùn rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, tó sì ní èmi ni mo gbé e sọnù. Mo fèsì. Òun náà fèsì. Nígbà tí a máa fi mọ̀, a ti dúró sójú kan pẹ́, kò sì sí ẹni tó bi wá léèrè ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń jà ti ní ìdí tó fi dúró. Àwọn èrò á wò wá fìrí, wọ́n á mójú kúrò, àwa sì ń ti orí èjìká ara wa wo gbogbo òpópónà, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì.

Bí a ṣe di oníjà nìyẹn. Àràárọ̀ ni à ń jà lórí agboòrùn kan náà, nígbà míì níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, nígbà míì lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́. A fi òfin kan sí i: ìjà iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìjà ilé. Agboòrùn nìkan la lè jà sí. Bí ọ̀kan nínú wa bá rí olè, kó jẹ́ kí agboòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onífìlà méjì tó wà ní òdìkejì títì á sì sáré wá.

Ọ̀gá wá wò wá lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "N kò rí àjèjì méjì tó mọ ara wọn bú báyìí rí," ó wí. "Ohun kan ló ń rú mi lójú. Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o fi ọ̀wọ̀ sínú èébú? 'Ẹ kò lójútì, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò lójútì rárá.' Ta ló ń bú ènìyàn báyẹn?"

Màmá ní, "Ilé tó dáa ló ti jáde wá, Ọ̀gá. Wọ́n tọ́ ọ."

Obìnrin tó ti ń pè mí ní Alajúṣàmín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé nínú àyà mi bí ẹni gbé ẹyin. N kò sọ fún un pé ó dùn mọ́ mi.

Nítorí ìyẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí oṣù fẹ́ parí ṣe dùn mí wọra. Mo dé àgọ́ láàárọ̀, akọ̀wé Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ ṣọ́ra yín o," ó wí. "Ìyá àgbà yẹn nìkan ló wọlé tọ Ọ̀gá lánàá. Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń sọ."

Kí ló tún kù láti rò? Àyè ẹnìkan ṣoṣo ló wà, òun sì ti lọ gbà á. Mo rìn ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, Màmá fọwọ́ sí ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀ bí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló fọ́ ọwọ́ agboòrùn mi?"

"Ẹ fi agboòrùn sílẹ̀," mo wí. "Kí lẹ lọ sọ fún Ọ̀gá?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, òfin wa ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rú u. Ilé kan náà la ti ń jáde, abọ́ kan náà la jọ ń fọ̀. Ẹ wá gba ẹ̀yìn mi lọ bá Ọ̀gá, ẹ tìlẹ̀kùn, kí ẹ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Èmi, kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?" Ohùn rẹ̀ wá lọ sókè, kì í sì í ṣe ohùn agboòrùn mọ́. "Mo ní kí ó mú ọ. Mo ní ojú rẹ mú ju tèmi lọ. Mo ní mo ti dàgbà, kí ó jẹ́ kí n máa lọ jókòó sílé mi. Ohun tí mo lọ sọ nìyẹn, ìwọ aláìmoore yìí."

Ká ní mo jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dákẹ́. N kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́.

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?" mo wí. "Ṣé mo ní mo fẹ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíì jẹ kù? Bí ẹ bá lọ sílé, ta ni màá máa bá jà? Ṣé àwọn onífìlà yẹn ni? Kí ni mo fẹ́ máa wá ṣe níbí lémi nìkan?"

N kò mọ̀ pé ohun tó wà nínú mi nìyẹn títí ó fi jáde. Ẹkún gbé mi. Màmá náà ń sunkún, ó sì ń fi ìka halẹ̀ mọ́ mi, ó ní agídí mi ti pọ̀ jù. Mo ní òun ló kọ́ mi. Agboòrùn ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó bọ́. Àwọn èrò dúró. Ní òdìkejì títì, àwọn onífìlà méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ojú ló tì wọ́n. Ká má déènà pẹnu, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ olè mọ́.

Ibẹ̀ ni bàbá kan ti jáde láàrin èrò. Arẹwà bàbá ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ó dúró láàrin wa, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ó tó, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ahọ́n àti eyín náà a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀. Kí lẹ jẹ́ sí ara yín?"

"Ìyá ọkọ mi ni," mo wí. N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí ní òpópónà náà.

"Ìyàwó ọmọ mi ni," Màmá wí.

"Ẹ ò rí nǹkan," bàbá náà wí, ó sì mi orí. "Ẹ gbá ara yín mọ́ra níṣojú mi. Ẹ pa ojú yín dé, kí n súre fún yín."

A gbá ara wa mọ́ra. Kì í ṣe ti iṣẹ́. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò rántí pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó kéré lápá mi ju bí mo ti rò lọ, òórùn ọṣẹ ilé wa sì wà lára rẹ̀. Inú mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé wa lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó ní a kò ní fi ìbínú sùn, a kò ní fi ẹkún jí. "Àmín," Màmá ń wí, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá. "Àmín," èmi náà ń wí. Mo gbà pé Màmá pa ojú tirẹ̀ dé. Èmi kò pa tèmi.

Mo sì rí ọwọ́ bàbá náà. Ọ̀tún wà lórí Màmá, ó ń súre. Òsì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ìka méjì péré, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìka ọkọ mi nínú aago. Ṣéènì tí bàbá ọkọ mi rà fún Màmá nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra yọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì wọ inú apá aṣọ bàbá náà lọ. "Ilé yín á tòrò," ó wí.

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Abájọ tí àwọn obìnrin yẹn kò fi lè sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ta ló máa jókòó níwájú ọkùnrin onífìlà, kó ní ibi tí òun ti ń bá àbúrò òun jà láàrin títì ni? Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́ kì í wá ọrùn kiri. Ìjà ló ń wá kiri. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí ẹkún wà lójú rẹ̀ kì í ṣọ́ ọrùn, bí ìtìjú bá sì dé, kò ní sọ.

N kò rí agboòrùn jù sílẹ̀, ó ti wà nílẹ̀. Mo fi ẹnu sí etí Màmá. "Màmá, òun ni. Ṣéènì yín wà nínú apá aṣọ rẹ̀."

Ó ṣe àmín kan tó jẹ́ kí oníbàtà yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọlọ́run á fún yín ní ohun tí ẹ ń wá," bàbá náà wí. Ó ti ń yí ẹsẹ̀ padà láti máa lọ.

"Ó ti fún wa, Bàbá," Màmá wí. "Ẹ má tíì lọ. Irú oore yìí kọjá ẹ ṣé lásán. Ìyàwó, wá bá mi dì mọ́ Bàbá."

A sì dì mọ́ ọn. Màmá gbá a mú láti iwájú, èmi láti ẹ̀yìn, apá rẹ̀ méjèèjì há sáàrin wa bí igi tí wọ́n dì lókùn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó tó, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá ní kò tíì tó. Ó ní òun ní ibi tí òun ń lọ. Mo ní a mọ̀ ọ́n, a óò sìn yín débẹ̀. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, ìyá kan tilẹ̀ ń fi aṣọ nu ojú, ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti rí ìlàjà tó wọni lọ́kàn báyìí.

"Ó kan àwa láti súre fún yín," Màmá wí, ó sì tún ọwọ́ dì. "Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Ẹ ṣàmín, Bàbá."

Kò ṣàmín.

"Ọjọ́ kan ni ti olóhun."

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ ni àwọn onífìlà tó yíjú padà. Wọ́n sáré wá láti gba bàbá arúgbó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin méjì tí orí wọn dàrú. Mo ní kí wọ́n gbọn apá aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Ṣéènì Màmá já bọ́ sílẹ̀, òmíràn tí a kò mọ olówó rẹ̀ sì já tẹ̀lé e. Ìyá tó ń fi aṣọ nu ojú yẹn fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ kíá.

Ní àgọ́, ayọ̀ kò jẹ́ kí Ọ̀gá jókòó. Ó pe àwọn onífìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé kí wọ́n wá gbọ́ bí a ṣe ṣe é. Ó ní kí á tún un sọ, a tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló nu ẹnu, ó gbé ojú le. "Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Oṣù ti parí," ó wí. "Ẹnìkan ṣoṣo ni mo lè mú." Ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

Ọkọ mi ni. Aládùúgbò kan ló ti rí wa lórí títì tó sá lọ sọ fún un. Awò kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi," ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ní ìyá mi àti ìyàwó mi jà láàrin títì, pé ọlọ́pàá ti kó wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Èmi ni mo jẹ̀bi, aago ni mo gbájú mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ sílé, màá là wọ́n níjà fúnra mi."

Ọ̀gá fi ìka tọ́ka. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá mi nìyí, sà."

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó mi nìyẹn."

Ọ̀gá yíjú sí àwọn onífìlà. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń jáde wá síbí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́fà ló wà níhìn-ín, èmi ni ìkeje. Ta ló mọ̀ nínú wa?" Wọ́n ṣí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì wà.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ. Òfin wà lára ògiri, gíláàsì rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n Màmá dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gá, ẹ bá wa ka òfin yẹn."

Ó kà á. Bàbá àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọkọ àti aya.

"Ṣé ẹ rí ìyá ọkọ níbẹ̀?"

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "N kò rí i."

"Ẹni tó kọ ọ́ kò rò ó pé ìyá ọkọ àti ìyàwó lè fẹ́ wà níbì kan náà," Màmá wí, ó sì jókòó.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, irunmú rẹ̀ gbọ̀n. "Kò burú. Ṣùgbọ́n àyè ẹnìkan ṣì ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ní kí n mú ọmọ yìí. Mo mú un."

Ẹ rántí pé mo fẹ́ iṣẹ́ náà bí omi. Mo dìde. "N kò gbà á, Ọ̀gá," mo wí. "Ẹ má bínú. Ẹnìkan kì í dá jà. Tí ẹ bá mú èmi nìkan, obìnrin tó dúró ti òpó lásán ni ẹ mú, wọn ò sì ní pẹ́ mú mi sọdá."

Ó wò mí. Ó wo Màmá, tó yíjú sí fèrèsé, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Màá sọ fún àwọn àgbààgbà pé àyè kan náà ni mo lò," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àyè oníjà. Bí wọ́n bá mọ ẹni tó lè dá jà, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi. Tábìlì kan ni mo ní o. Ẹ lọ wá àga kejì." Orí tábìlì náà ni a ti jọ ṣiṣẹ́ títí Màmá fi fẹ̀yìn tì, a sì ń jà lórí ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà.

A rìn lọ sílé pọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ mi láàrin. Ó ní, "Táìpù yẹn ńkọ́?" Mo yíjú sí Màmá. Ó ní, "Màmá, ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ti yá," Màmá wí.

"Ìjà tí wọ́n wá sọ fún mi, ṣé eré ni?"

"Ìdajì rẹ̀," mo wí.

"Ìdajì wo?"

Èmi àti Màmá wo ara wa lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, gbogbo ilé jókòó, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa, èmi. Màmá ló máa ń gbàdúrà. Ó ní kí gbogbo wa pa ojú dé. Mo ti ń múra láti pa tèmi, kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó ní, "Ìwọ, ìyàwó, la tìẹ sílẹ̀. Kí ẹnìkan máa bá wa ṣọ́lé."

Mo la ojú mi sílẹ̀. Mo wo àwọn ọmọ, mo wo ọkọ mi, mo wo Màmá. Ojú tirẹ̀ kan là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí, ó sì ń gbàdúrà lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè bí ó ṣe ń mọ̀, láti gbogbo ọdún yìí wá, pé n kì í pa ojú dé.

"Àmín," mo wí.